Mọ́tò Inú Páálí àti Ọ̀rọ̀ Iṣẹ́ Àìparí

Òwe kan wà tí tọmọdé tàgbà wa mọ̀, pé ẹni tí ó bá lé eku méjì yóò pòfo. Òwe náà tọ̀nà fún ọdẹ. Ṣùgbọ́n ìgbà tí mo bẹ̀rẹ̀ sí í ka ìtàn àwọn tí ń fi mọ́tò àwòṣe ṣe ìgbafẹ́ ní ilẹ̀ Amẹ́ríkà, ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì àti ní Jàpáànù, mo rí i pé a kò lè fi òwe yìí dá wọn lẹ́jọ́. Mọ́tò àwòṣe tí mo ń wí ni mọ́tò kékeré tí a fi ike ṣe, tí a wọn gbogbo ẹ̀yà rẹ̀ láti ara mọ́tò gidi, tí a sì tà nínú páálí pé kí ẹni tí ó rà á tò ó fúnra rẹ̀. Bí a bá wọ yàrá ẹni tí ó ti pẹ́ nídìí iṣẹ́ yìí, a kì í sábà bá mọ́tò kan ṣoṣo lórí tábìlì rẹ̀. A ó bá mẹ́rin, márùn-ún, tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ọ̀kan ti gba ọ̀dà ṣùgbọ́n kò ní táyà. Èkejì ní ẹ́ńjìnnì ṣùgbọ́n kò ní òrùlé. Ẹ̀kẹta kò tí ì kúrò nínú páálí ju ìdajì lọ. Àwọn ará ilé rẹ̀ a sì máa pè é ní ẹni tí kì í parí nǹkan. Èrò tèmi ni pé ẹ̀sùn náà kò tọ́ sí i bí wọ́n ti rò. Àìparí ti wà nínú ọjà náà kí ó tó dé ọwọ́ rẹ̀.

Kí páálí tó dé, ọmọ tí ó bá fẹ́ mọ́tò àwòṣe tí ó jọ mọ́tò ní láti gbẹ́ ẹ ni. Ní ọdún 1930, Fisher Body, ẹ̀ka ilé iṣẹ́ General Motors tí ń ṣe bọ́dì mọ́tò, dá ẹgbẹ́ kan sílẹ̀ fún àwọn ọmọkùnrin Amẹ́ríkà. Wọ́n pè é ní Fisher Body Craftsman's Guild. Ohun tí wọ́n kọ́kọ́ ní kí àwọn ọmọ náà ṣe kì í ṣe mọ́tò rárá, kẹ̀kẹ́ ẹṣin ọba ni, irú èyí tí Napoleon ń gùn, nítorí pé òun ni ó wà lára àmì ilé iṣẹ́ Fisher. Àwòrán àti àlàyé ni ilé iṣẹ́ fi ránṣẹ́ sí wọn. Igi, irin, aṣọ àti ọ̀dà, olúkúlùkù ni yóò wá tirẹ̀. Ní ọdún 1937 ni wọ́n fi ìdíje mọ́tò kún un, pé kí ọmọ ronú mọ́tò tí ẹnikẹ́ni kò tí ì ṣe rí, kí ó sì gbẹ́ ẹ ní ìwọ̀n 1/12. Owó ilé ẹ̀kọ́ gíga ni ẹ̀bùn tí ó ga jù lọ. Charles Jordan, tí ó gba ipò kìn-ín-ní ní ọdún 1947, wọ General Motors ní ọdún 1949, ó sì di ìgbákejì ààrẹ ilé iṣẹ́ náà tí ń bójú tó yíya àwòrán mọ́tò tuntun, láti ọdún 1986 títí di 1992. Eré ọmọdé kọ́ ni wọ́n fi irú ìdíje bẹ́ẹ̀ ṣe.

Ohun tí ó yẹ kí a kíyè sí nínú rẹ̀ ni pé kò sí àyè fún iṣẹ́ àìparí. Wọ́n dá ọjọ́ fún ọmọ, àwọn onídàájọ́ sì ń dúró dè é. Kẹ̀kẹ́ ẹṣin tí ó ku ẹsẹ̀ kan kò lè gba ẹ̀bùn. Ẹgbẹ́ náà wà títí di ọdún 1968, ṣùgbọ́n nígbà náà, irú mọ́tò àwòṣe mìíràn ti gba ojà, èyí tí kò sí ẹni tí ń dá ọjọ́ fún ẹni tí ń tò ó.

Ẹ wo bí ó ti bẹ̀rẹ̀ ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Nicholas Kove, ọmọ ilẹ̀ Hungary, dá ilé iṣẹ́ Airfix sílẹ̀ ní ọdún 1939. Ohun ìṣeré onírọ́bà tí a ń fẹ́ afẹ́fẹ́ sí ni wọ́n kọ́kọ́ ń ṣe. Lẹ́yìn ogun, wọ́n ń fi ike ṣe kóòmù. Ní ọdún 1949, wọ́n gba iṣẹ́ katakata kékeré kan, èyí tí àwọn tí ń bá Ferguson ta katakata yóò máa mú lọ́wọ́ fi polówó ọjà. Títò katakata náà kò rọrùn, ó sì ń jẹ owó. Nígbà tí ó yá, wọ́n kúkú ń tà á ní ẹ̀yà ẹ̀yà, pé kí ẹni tí ó rà á lọ tò ó nílé. Àrà tí mo rí nínú ìtàn yìí nìyẹn: ilé iṣẹ́ fúnra rẹ̀ ni ó kọ́kọ́ fi iṣẹ́ sílẹ̀ lágbedeméjì, tí ó sì ta àìparí náà fún ènìyàn gẹ́gẹ́ bí ìgbádùn!

Ọ̀nà tí ó fara jọ èyí ni Amẹ́ríkà gbà. Ní ọdún 1948, agbẹjọ́rò kan ní agbègbè Detroit, West Gallogly, dá AMT sílẹ̀. Mọ́tò kékeré tí a ti tò tán ni wọ́n ń ṣe fún àwọn tí ń ta mọ́tò ńlá, láti alumíníọ̀mù kọ́kọ́, lẹ́yìn náà láti ara ike. Lára ike ìgbà náà, òmíràn a máa ká bí ewé gbígbẹ bí ọdún ti ń gorí ọdún, títí tí ara mọ́tò yóò fi wọ́. Ní ọdún 1958 ni AMT wá gbé páálí kan jáde tí orúkọ rẹ̀ ń jẹ́ mẹ́ta-nínú-ọ̀kan. Ìwọ̀n 1/25 ni mọ́tò inú rẹ̀. Ẹni tí ó rà á lè tò ó bí ó ti rí ní ṣọ́ọ̀bù, ó lè yí ojú rẹ̀ padà fún àṣehàn, ó sì lè sọ ọ́ di mọ́tò eré ìje. Àwọn ọmọ fẹ́ràn rẹ̀ púpọ̀.

Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí a ṣírò rẹ̀ wò. Ọ̀nà mẹ́ta ni ó wà nínú páálí, bọ́dì kan ni. Ẹni tí ó bá yan ti eré ìje, ẹ̀yà ti méjì yòókù di àjẹkù lọ́wọ́ rẹ̀: bọ́ńpà, táyà, nígbà mìíràn ẹ́ńjìnnì odindi. Kò ní í dà wọ́n nù. Yóò kó wọn sínú agolo kan, agolo náà yóò kún, yóò sì máa rò ó lọ́kàn pé ẹ́ńjìnnì yìí ìbá dára nínú bọ́dì tọ̀hún. Bí ó bá lọ ra bọ́dì tí yóò gba ẹ́ńjìnnì yẹn, ó tún kó àjẹkù mìíràn wálé. Páálí kan tí a parí ti bí mọ́tò méjì tí a kò tí ì bẹ̀rẹ̀.

Ohun kejì ni ọ̀rọ̀ ọdún. Ọdọọdún ni àwọn ilé iṣẹ́ Detroit ń yí ojú mọ́tò wọn padà nígbà náà, páálí tuntun a sì máa bá mọ́tò tuntun jáde. Irin tí a ń da ike gbígbóná sí láti fi ṣe bọ́dì wọ́nyí wọ́n púpọ̀, nítorí náà, wọn kì í ju ti ọdún tó kọjá nù. Wọn a gé ara rẹ̀, wọn a tún un ṣe kí ó lè bá ti ọdún tuntun mu. Bí wọ́n bá ti ṣe bẹ́ẹ̀, mọ́tò ọdún tó kọjá di ohun tí a kò lè dà mọ́. Ẹni tí ó mọ èyí kò ní í dúró kí ó parí èyí tí ó wà lórí tábìlì kí ó tó ra òmíràn. Títí di òní, páálí ìgbà náà tí ẹnikẹ́ni kò ṣí rí ni ó wọ́n jù lọ́wọ́ àwọn akójọ. Bí a bá ti lẹ gọ́ọ̀mù mọ́ ọn, owó rẹ̀ já wálẹ̀. Ẹni tí èyí bá yà lẹ́nu, kí ó bi àwọn tí ń kó sítáǹbù jọ léèrè.

Síbẹ̀, bí a bá tilẹ̀ yọ ọ̀rọ̀ ọjà kúrò, iṣẹ́ náà fúnra rẹ̀ kì í jẹ́ kí ènìyàn dúró ti mọ́tò kan ṣoṣo. A ní láti fọ ọ̀rá kúrò lára ike, kí a ha ojú ìlà tí irin fi sí i lára, kí a kun ọ̀dà ìpìlẹ̀, kí a dúró. Kí a kun ọ̀dà gan-an fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́, kí a dúró. Kí a fi pépà onírun fínnífínní bá a wí, kí a tún un kùn. Ọ̀dà ẹ̀námẹ́ẹ̀lì lè gba ọjọ́ kan tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ kí ó tó gbẹ dénú. Ẹni tí ó bá fọwọ́ kàn án ṣáájú àkókò, àmì ìka rẹ̀ yóò hàn lórí bọ́ńẹ́ẹ̀tì, iṣẹ́ sì padà sí ìbẹ̀rẹ̀. Gọ́ọ̀mù tí wọ́n ń lò pàápàá kì í lẹ ike lásán, ńṣe ni ó ń yọ́ etí méjèèjì títí wọn yóò fi di ara kan, èyí náà sì ń fẹ́ sùúrù. Kí ni ọwọ́ yóò máa ṣe ní gbogbo àkókò yìí? Bí mọ́tò pupa bá ń gbẹ, a ó mú ẹ́ńjìnnì ti èkejì. Bí a bá sì ti po ọ̀dà dúdú, kí ni ìdí tí a ó fi kun ṣasí kan, tí a ó fi fọ búrọ́ọ̀ṣì, nígbà tí ṣasí mẹ́ta wà nílẹ̀ tí gbogbo wọn yóò dúdú? Ìyá olóúnjẹ tí ó gbé ìkòkò mẹ́ta kaná kò lé eku méjì.

Àwọn gbẹ́nàgbẹ́nà wa mọ ọ̀nà yìí dáadáa. Kevin Carroll, àlùfáà ìjọ Àgùdà tí ó bá àwọn oníṣẹ́ ọnà ṣiṣẹ́ ní Ọ̀yẹ́-Èkìtì láti ọdún 1947, ṣàkọsílẹ̀ àwọn ìpele tí wọ́n pín iṣẹ́ wọn sí: ọnà lílé, alétúnlé, dídán àti fínfín. Ọ̀gá lè lé ọnà, kí ó fi dídán sílẹ̀ fún ọmọṣẹ́, kí ó sì gbé igi mìíràn. Kò sí ẹni tí yóò wo ère tí a kò tí ì fín lójú nínú àgọ́ rẹ̀ tí yóò pè é ní ọ̀lẹ.

Ìyàtọ̀ kan wà, n kò sì ní í fi pa mọ́. Ẹni tí ó bẹ gbẹ́nàgbẹ́nà níṣẹ́ ń bọ̀ wá gbà á, ọjọ́ ọdún òrìṣà sì ń súnmọ́lé. Kò sí ẹni tí ń bọ̀ wá gba mọ́tò àwòṣe. Èyí ni ó mú kí n ya iṣẹ́ tí ń dúró sọ́tọ̀ kúrò lára iṣẹ́ tí a ti pa tì. Mọ́tò tí ọ̀dà rẹ̀ ń gbẹ ń dúró ni. Ṣùgbọ́n èyí tí a bá ti yọ ẹsẹ̀ rẹ̀ fún mọ́tò mìíràn, tí a gba dígí iwájú rẹ̀ fún ẹ̀kẹta, tí a sì dá bọ́dì rẹ̀ padà sínú páálí, ó ti kú, bí olówó rẹ̀ tilẹ̀ ń pè é ní iṣẹ́ ọwọ́. Bí olówó náà bá sì lọ, àwọn ọmọ rẹ̀ kò ní í mọ èwo ni èwo. Wọn yóò rí i pé páálí tí a kò ṣí lówó lórí, wọn yóò tà á. Wọn yóò rí mọ́tò tí a parí, wọn yóò gbé e sórí ṣẹ́ẹ̀fù. Èyí tí ó wà láàrin, níbi tí ọwọ́ bàbá wọn ṣì hàn jù lọ, òun gan-an ni wọn yóò kó pọ̀ mọ́ pàǹtí. Mo rò pé àdánù gidi ni.

Ní Jàpáànù, Yoshio Tamiya bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ gẹdú ní Shizuoka ní ọdún 1946. Láti ara pákó ni ilé iṣẹ́ rẹ̀ ti bọ́ sórí ohun àwòṣe, ó sì ṣe àkọ́kọ́ onike ní ọdún 1960. Ní ọdún 1967 wọ́n ṣe mọ́tò eré ìje Honda ní ìwọ̀n 1/12, pẹ̀lú ẹ́ńjìnnì tí kò fi nǹkan kan pamọ́. Shunsaku, ọmọ rẹ̀, ni ó sọ ilé iṣẹ́ náà di ọ̀gá láàrin ẹgbẹ́. Nígbà tí ó fẹ́ ṣe Porsche 934, èyí tí ó jáde ní ọdún 1976, ó ra Porsche 911 gidi, ó sì ní kí wọ́n tú u, kí wọ́n lè wọn gbogbo ẹ̀yà rẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan. Wọ́n tú u tán, wọ́n wọ̀n ọ́n tán, wọn kò sì lè dá a padà. Mẹkáníìkì Porsche ni wọ́n ránṣẹ́ pè kí ó wá bá wọn tò ó.