Ebi, ogun àti ẹ̀yìnkùlé ìyá àgbà

1/ Ẹ jẹ́ n sọ ìtàn kan fún yín lálẹ́ yìí. Ó kan ogun, ó kan ìjọba, ó kan ewúro ẹ̀yìnkùlé. Ó sì kan ìdí tí ebi fi lè máa pa èèyàn lábúlé tí ilẹ̀ wà rẹpẹtẹ. Ẹ fara balẹ̀ kà á dópin 🧵

2/ Lọ́dún 1860, Ìbàdàn gbógun ti Ìjàyè. Kúrunmí, Ààrẹ Ọ̀nà Kakaǹfò tó ń ṣàkóso Ìjàyè, ló ní òun ò gba Adélù ní Aláàfin. Ìjàyè ní akíkanjú, àwọn Ẹ̀gbá náà sì wá gbè é. Àmọ́ Ìbàdàn ṣe nǹkan kan: wọ́n gba àwọn ìlú Òkè-Ògùn tí oúnjẹ Ìjàyè ti ń wá.

3/ Ni ebi bá wọ̀lú. Àwọn òbí ń kó ọmọ lọ fún àwọn míṣọ́nnárì kí ọmọ ṣáà lè rí nǹkan jẹ. Nígbà tó di 1862, Ìjàyè tú. Ẹ kíyè sí i o: kì í ṣe pé ilẹ̀ ò dáa. Oúnjẹ ló jìnnà sílé, ọ̀tá sì wà lójú ọ̀nà.

4/ Bẹ́ẹ̀, ètò oko tiwa kì í ṣe ti ojú kan. Oko egàn jìnnà, àwọn ọkùnrin máa ń sùn sí abà níbẹ̀. Oko etílé wà nítòsí. Ẹ̀yìnkùlé wá ni ti ìyá àgbà: ewúro, tẹ̀tẹ̀, ilá, ata, ìbẹ́pẹ, kókò, àgbàdo díẹ̀. Ààtàn ẹ̀yìn ilé ni ajílẹ̀ rẹ̀.

5/ Ìgbà wo ló máa ń wúlò jù? Ìgbà tí iṣu àná ti tán lábà, tí iṣu tuntun ò tíì jáde. Tẹ̀tẹ̀ ò ju nǹkan bí oṣù kan lọ kó tó ṣeé já. Ewúro ní tiẹ̀, bẹ́ ẹ bá já a lónìí, á tún rúwé.

6/ Ẹ má ṣì mí gbọ́. Ẹ̀yìnkùlé ò lè rọ́pò oko. Kò sẹ́ni tó ń fi tẹ̀tẹ̀ nìkan yó. Àmọ́ ó ń dí àlàfo, ó sì ń jẹ́ kí owó ata di owó gààrí.

7/ Ìjọba náà gbìyànjú ẹ̀. Lọ́dún 1976, ìjọba Ọbásanjọ́ gbé Operation Feed the Nation (OFN) dé. Owó epo ti mú wa gbára lé oúnjẹ òkè òkun. Wọ́n ní kí gbogbo ilé gbin nǹkan. Wọ́n kó àwọn akẹ́kọ̀ọ́ lọ sóko nígbà ìsinmi, àwọn tí àgbẹ̀ abúlé mọ oko jù lọ fíìfíì 😭

8/ Ní 1979, ìjọba yí padà. Ní 1980, Ṣàgàrí mú Green Revolution tiẹ̀ wá. Bí ìjọba ṣe ń lọ ni ètò ń bá a lọ. Ṣùgbọ́n ewúro ìyá àgbà ò gba bọ́jẹ́ẹ̀tì, kò sí mínísítà tó lè fagi lé e.

9/ Àwa fúnra wa la fagi lé e. Nígbà tí mo délé kẹ́yìn, ibi tí ewúro màmá àgbà mi wà ti di sìmẹ́ńtì. Lábúlé! Ọjọ́ ọjà ni wọ́n ń dúró dè kí wọ́n tó rí ẹ̀fọ́ rà. Bí ọ̀nà bá bàjẹ́ tàbí owó mọ́tò bá lé, ó parí. Ìjàyè náà nìyẹn, ogun ni ò sí níbẹ̀.

10/ Bí ebi bá kúrò nínú ìṣẹ́, ìṣẹ́ bùṣe. Ẹ gé igi ewúro kan, ẹ gbìn ín, inú àpò sìmẹ́ńtì pàápàá. Kí ló wà lẹ́yìnkùlé yín nígbà tẹ́ ẹ wà lọ́mọdé? Ẹ kọ ọ́ sísàlẹ̀ 👇🏾