Nígbà tí Pápá Ìṣeré Dákẹ́: Àwọn Ọmọ Agbabu àti Àjàkálẹ̀-Àrùn Ọdún 2020

Bí a bá ní kí ẹnikẹ́ni sọ ìtàn Agbabu, ọ̀rọ̀ ọ̀dà ni yóò kọ́kọ́ mú bọ ẹnu: ọ̀dà tí ó ń sun jáde láti abẹ́ ilẹ̀ wa nígbà tí oòrùn bá mú, àti àwọn òyìnbó tí wọ́n wá gbẹ́ ilẹ̀ nítorí rẹ̀ kí Ogun Àgbáyé Kìn-ín-ní tó dá iṣẹ́ wọn dúró ní ọdún 1914. Lẹ́yìn èyí ni yóò kan odò Oluwa àti àwọn ọkọ̀ tí ó ń kó ẹrù gba ojú omi lọ sí ìhà Èkó. Ọ̀rọ̀ wọ̀nyí kò ṣe aláìní òpìtàn. Ìtàn tí àwa yàn láti kọ sínú ìwé ẹgbẹ́ wa kéré lójú ju ìwọ̀nyí lọ, ṣùgbọ́n kò sí ilé tí ọmọ wà tí kò kàn: bí eré ìdárayá àwọn ọmọ wa ti dáwọ́ dúró nígbà àrùn kòrónà, bí ó ti padà, àti ibi tí àwa olùkọ́ ti ṣìṣe.

Ẹ jẹ́ kí á kọ́kọ́ padà sẹ́yìn. Ní oṣù kẹsàn-án ọdún 1918, ọkọ̀ ojú omi gbé ọ̀fìnkìn burúkú tí à ń pè ní ínfúlúẹ́ńsà wọ Èkó. Láti ibẹ̀ ni ó ti bá ọkọ̀ ojú irin àti ọkọ̀ ọlọ́pọ́n wọ inú ilẹ̀ lọ. Àwọn onímọ̀ ìtàn ṣírò rẹ̀ pé àwọn tí ó bá a lọ ní Nàìjíríà nìkan tó ìdajì mílíọ̀nù, ó sì ya ènìyàn lẹ́nu pé àwọn géńdé tí ara wọn le ni ó pa jù. Nígbà náà, ìwọ̀nba ọmọ ni ó ń lọ sí ilé-ẹ̀kọ́ ní ìhà igbó wa yìí. Ojúde baba wọn ni pápá wọn: níbẹ̀ ni wọ́n ti ń ja ìjàkadì, tí wọ́n ń ta òkòtó, tí wọ́n sì ń ṣe bojúbojú bí òṣùpá bá yọ. Bí ìjọba bá ti ilé-ẹ̀kọ́ pa, kò sí ohun tí ó kàn wọ́n nínú rẹ̀.

Ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ tí ó bẹ̀rẹ̀ ní Ìwọ̀-Oòrùn ní oṣù kìn-ín-ní ọdún 1955 ni ó yí ọ̀rọ̀ náà padà. Ilé-ẹ̀kọ́ dé oko, dírílì sì dé pẹ̀lú rẹ̀. Wọ́n kọ́ àwa náà ní kọ́lẹ́ẹ̀jì àwọn olùkọ́ bí a ti í fọn fèrè, bí a ti í fi eérú fa ìlà eré sísá, bí a ti í pín ọmọ sí ilé aláwọ̀ pupa àti ilé aláwọ̀ ewé. Ohun rere ni. Ṣùgbọ́n díẹ̀díẹ̀ ni a fi kó eré kúrò ní ojúde lọ sí pápá, tí a sì fi kọ́kọ́rọ́ rẹ̀ sí ọwọ́ ọ̀gá ilé-ẹ̀kọ́. Ọjọ́ tí a ti ilẹ̀kùn ilé-ẹ̀kọ́ ni a tó mọ ohun tí a ṣe.

Ọjọ́ náà dé ní oṣù kẹta ọdún 2020. Ní ọjọ́ 27 oṣù kejì ni a ti rí ẹni àkọ́kọ́ tí ó ní àrùn kòrónà ní Nàìjíríà. Ìjọba ní kí gbogbo ilé-ẹ̀kọ́ di títì. Àwọn eléré tí wọn ìbá gba Òrè kọjá lọ sí Bìní fún Ìdíje Eré Ìdárayá ti gbogbo orílẹ̀-èdè kò lọ mọ́. Oṣù kẹrin ọdún 2021 ni wọ́n tó ṣe é. Ní ọjọ́ 3 oṣù kẹrin, olóògbé Gómìnà Rótìmí Akérédolú kéde pé àrùn náà ti wọ Ìpínlẹ̀ Oǹdó. Ní oṣù kéje, ó pa Dókítà Wahab Adégbẹnró, kọmíṣọ́nnà ètò ìlera tí ó ń kó wa lójú ogun sí i. Kò tún sí ẹni tí ó lè sọ pé irọ́ ni.

Ẹ̀rù bà wá, a kò sì ní fi bò. Ní ọjọ́ kan nínú oṣù kẹrin yẹn, a gbọ́ ariwo ní pápá ilé-ẹ̀kọ́ kan. Àwọn ọmọ bí ogún ni wọ́n ń gbá bọ́ọ̀lù, ọ̀dà sì lẹ̀ mọ́ àtẹ́lẹsẹ̀ àwọn mìíràn nínú wọn. A fa pàṣán yọ, a lé wọn, a sì gba bọ́ọ̀lù wọn. Ọkàn wa balẹ̀ pé a ti ṣe iṣẹ́ olùkọ́. Nígbà tí a ń padà lọ sílé, a rí àwọn ọmọ náà gan-an nínú yàrá kan, wọ́n ti fèrèsé nítorí oòrùn, èjìká kan èjìká, wọ́n ń wo fíìmù. Àwa ni a lé wọn kúrò níbi tí afẹ́fẹ́ wà lọ síbi tí kò sí.

Lẹ́yìn náà ni ó wá hàn gbangba fún gbogbo ayé pé inú ilé tí a há ni àrùn náà ti ń ràn jù, àti pé ìta gbangba sàn púpọ̀. Ní oṣù kọkànlá ọdún 2020, Àjọ Ìlera Àgbáyé tún un sọ pé ọmọ ọdún 5 sí 17 gbọ́dọ̀ máa fi ara ṣe eré tó wákàtí kan lójúmọ́, kí egungun àti ọkàn rẹ̀ lè le, kí orí rẹ̀ sì lè jí. À bá ti pín àwọn ọmọ ogún náà sí mẹ́rin-mẹ́rin, kí a ní kí wọ́n máa fo okùn, kí wọ́n máa sáré lọ́tọ̀ọ̀tọ̀.

Àwọn òbí kan yóò wí pé àwọn ọmọ tiwọn kò jókòó, pé wọ́n ń ru ẹyìn láti oko. Òótọ́ ni, ara wọn kò di ọ̀lẹ. Ṣùgbọ́n iṣẹ́ kì í ṣe eré. Ọmọ tí ó ru ẹrù kò yan ẹgbẹ́, kò borí, ẹnìkan kò sì borí rẹ̀. Ìyá ọmọbìnrin kan tí ó yára jù nínú kíláàsì wa gbé àtẹ fún un ní oṣù karùn-ún. Nígbà tí ilé-ẹ̀kọ́ ṣí, kò padà wá.

Ṣé ẹ rántí bí nǹkan ti padà? Ọjà kọ́kọ́ padà, lẹ́yìn náà ilé ìsìn. Ní oṣù kẹjọ, àwọn tí yóò ṣe ìdánwò àṣejáde wọlé. Àwọn ìyókù tẹ̀ lé wọn láti oṣù kẹsàn-án. Eré ni ó padà gbẹ̀yìn, nígbà tí ó sì dé, a kò mọ̀ ọ́n ṣe mọ́. A ní kí àwọn ọmọ sáré yí pápá ká pẹ̀lú ìbòmú lẹ́nu, títí ọmọkùnrin kan fi já tirẹ̀ sọnù tí ó ń mí hẹlẹhẹlẹ. Bẹ́ẹ̀ ni Àjọ Ìlera Àgbáyé ti kìlọ̀ nínú oṣù kẹfà pé kí ẹnikẹ́ni má ṣe lo ìbòmú nígbà tí ó bá ń ṣe eré agbára. Ìkéde náà kò tètè dé etí wa.

Ọ̀rọ̀ kan wà tí àwa kò fẹ́ kí olùkọ́ kankan gbàgbé. Àwọn oníṣègùn ọmọdé kìlọ̀ pé àrùn náà lè kan iṣan ọkàn àwọn ọmọ mìíràn, bí ó tilẹ̀ ṣọ̀wọ́n. Nítorí náà, kí ọmọ tí ó ṣàìsàn sinmi títí ara rẹ̀ yóò fi yá pátápátá. Kí ó fi ìrìn àti ìṣẹ́jú díẹ̀ bẹ̀rẹ̀, kí a sì máa fi kún un lójoojúmọ́. Bí àyà bá ń dùn ún, tàbí tí òòyì kọ́ ọ, kí ó dúró, kí a mú un lọ sọ́dọ̀ dókítà. Ẹ̀yin ẹlẹgbẹ́ wa, àìmọye ọmọ tí ibà ṣẹ̀ṣẹ̀ fi sílẹ̀ ní ọjọ́ mẹ́ta ni a ti tì sí ojú ìlà eré sísá nítorí ife ẹ̀yẹ.

Ní oṣù kẹjọ ọdún kan náà, wọ́n kéde pé a ti ṣẹ́gun àrùn rọmọlápá-rọmọlẹ́sẹ̀ inú igbó ní gbogbo ilẹ̀ Áfíríkà. Ọ̀pọ̀ nínú wa kò gbọ́ nítorí ariwo kòrónà. Àwa tí a bá ẹni tí àrùn yẹn rọ lẹ́sẹ̀ lọ sí ilé-ẹ̀kọ́ mọ ohun tí ìròyìn náà jẹ́.

Láti ìgbà tí a ti padà ni a ti ń fi àkókò eré ṣe àfikún ìṣirò, kí a lè rí àwọn tááàmù tí ó sọnù gbà padà. Wọ́n ní fún ìgbà díẹ̀ ni. A ń bẹ ẹgbẹ́ wa kí ó bá àwọn ọ̀gá ilé-ẹ̀kọ́ sọ ọ́, kí wákàtí náà padà sínú tábìlì iṣẹ́.

Ní ti bọ́ọ̀lù tí a gbà, orí àjà ni a ti rí i lẹ́yìn tí ilé-ẹ̀kọ́ ṣí, afẹ́fẹ́ ti tán nínú rẹ̀. A fún un ní afẹ́fẹ́, a sì gbé e lọ fún wọn. Ọmọ tí ó gbà á dọ̀bálẹ̀, ó ní, “Ẹ ṣé, sà. Ṣùgbọ́n a ti dá owó, a ti ra òmíràn.”