Ta Ni Ó Ń Jẹ Èrè Owó Wa? Ìtàn Ìrọwó Onírin ní Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà



Nígbà tí mo wà lọ́mọdé ní Ìpogun, mo máa ń rí i tí àwọn àgbà ń fi okùn sín kọ́bọ̀ oníhò, gẹ́gẹ́ bí àwọn baba ńlá wọn ti ń sín owó ẹyọ. Kò sí ẹni tí ó bi wá léèrè ibi tí a ti rọ owó náà. Ìbéèrè yìí ni mo fẹ́ gbé yẹ̀ wò lónìí, nítorí pé ẹni tí ó rọ owó lè yàtọ̀ sí ẹni tí ó ń jẹ èrè rẹ̀.

Owó tí ó ti òkèèrè wá kò ṣàjèjì sí Yorùbá. Ọkọ̀ òkun ni ó gbé ẹyọ wá fún wa láti Maldives àti Zanzibar. Ọ̀kẹ́ kan, èyíinì ni 20,000 ẹyọ, ẹrù odidi alágbàrù kan ni. Èrè rẹ̀, ọwọ́ àwọn oníṣòwò ni ó ń bọ́ sí.

Nígbà tí fàdákà Gẹ̀ẹ́sì gbòde, èrè di ti ìjọba. Láti nǹkan bí 1894 ni Báńkì British West Africa ti ń kó ṣílè tuntun wọ Èkó láti ilé-ìrọwó ọba ní Lọ́ńdọ̀nù. Fàdákà tí ó wà nínú ṣílè kan kò tó ṣílè kan lọ́jà. Ìyàtọ̀ tí ó wà láàárín méjèèjì ni èrè ìrọwó, àpò ìjọba Gẹ̀ẹ́sì ni ó sì ń wọ̀. Àgbẹ̀ tí ó ta ekùrọ́, tí ó sì kó ṣílè rẹ̀ sínú ìkòkò, ti san owó-orí kan tí ẹnikẹ́ni kò bù fún un.

Ìgbìmọ̀ tí Lord Emmott darí yẹ ọ̀rọ̀ yìí wò. Ní oṣù Kọkànlá 1912 ni a dá Àjọ Owó Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà sílẹ̀ fún Nàìjíríà, Gold Coast, Sierra Leone àti Gambia. Owó fàdákà tirẹ̀ jáde ní 1913, èrè rẹ̀ sì di ti àwọn ilẹ̀ wọ̀nyí. Ṣùgbọ́n Lọ́ńdọ̀nù ni àjọ náà fi ṣe ibùjókòó, ibẹ̀ náà ni ó sì ń kó owó ìpamọ́ sí. Ọ̀rọ̀ wa wá dà bíi ti ẹni tí a dá ẹran rẹ̀ padà fún, tí okùn ẹran náà ṣì wà lọ́wọ́ ẹlòmíràn.

Lọ́ńdọ̀nù nìkan kọ́ ni ó ń ṣe iṣẹ́ náà. Bí ẹ bá rí H lára kọ́bọ̀ àtijọ́ kan, ilé-iṣẹ́ Heaton ní Birmingham ni ó rọ ọ́. KN ni àmì ti King's Norton, ní ìlú kan náà. Ẹ wo kọ́bọ̀ ti 1936. Orúkọ Edward VIII ni ó wà lára rẹ̀ láìsí àwòrán orí rẹ̀, nítorí pé ihò ni ó wà láàárín. Ọba yìí fi oyè sílẹ̀ ní oṣù Kejìlá ọdún náà, kí a tó dé e ládé. Àwọn ará Gẹ̀ẹ́sì kò ná owó rẹ̀. Àwa ná an.

Ní ọjọ́ kìíní oṣù Keje, 1959, Báńkì Àpapọ̀ Nàìjíríà bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́, ó sì gbé owó tiwa jáde. Òyìnbó ṣì ni ó rọ ọ́, ṣùgbọ́n okùn ẹran ti bọ́ sí wa lọ́wọ́. Ní 1963 ni a dá ilé-iṣẹ́ ìtẹ̀wó àti ìrọwó Nàìjíríà sílẹ̀. Ní 1973, nígbà tí náìrà dé, ṣílè kan di kọ́bọ̀ mẹ́wàá: orúkọ tí ẹnu wa ti sọ idẹ òyìnbó dà di orúkọ owó ìjọba.

Síbẹ̀, ní 2007, nígbà tí owó onírin 50 kọ́bọ̀, náìrà kan àti náìrà méjì jáde, àwọn ọlọ́jà kò tẹ́wọ́ gbà á, nítorí ohun tí ó lè rà kò tó nǹkan. Ní 2024, ilé-ìrọwó ọba Gẹ̀ẹ́sì fúnra rẹ̀ kéde pé òun yóò dẹ́kun rírọ owó fún ilẹ̀ òkèèrè.

Ní èrò tèmi, kò sí ẹ̀gàn nínú pé àjèjì bá wa rọ owó. Ohun tí ó yẹ kí a máa béèrè ni pé: ta ni ó ń jẹ èrè rẹ̀, ta ni ó ń pa á mọ́, kí sì ni ó lè rà lọ́jà?