Ẹja odò Ògùn, orúkọ ará Jámánì

Ẹ̀yin èèyàn mi, ẹja kékeré olójú pupa tí àwọn òyìnbó kan ń sìn nínú àpótí dígí, ọmọ Nàìjíríà ni o! Ìsàlẹ̀ odò Ògùn àti ti odò Ọya ló ti wá. Lọ́dún 1909, Boulenger ní British Museum sọ ọ́ ní Petersius spilopterus. Ní 1926, Myers yí i sí Arnoldichthys, nítorí Arnold, ará Jámánì kan tó ń sin ẹja. Àwọn apẹja wa tó ń fi àwọ̀n gbé e ńkọ́? Orúkọ yẹn ò mọ̀ wọ́n rí.

Omi rírọ̀ bíi ti òjò ló fẹ́, kì í sì í fẹ́ dá wà. Tó bá yé ẹyin tán, ẹ yára kó àwọn òbí kúrò, wọ́n lè jẹ ẹ́. Bí a bá ń mú un bí sínú ilé, tódò á sinmi díẹ̀.

Ẹ̀yin tí ilé yín wà létí odò Ògùn, kí ni àwọn bàbá wa ń pè é?