Éèlì Pupa Tó Le, Tó sì Korò: Ìtàn Rẹ̀ àti Bí A Ṣe Ń Tọ́ ọ Wò

Ẹni tó bá wọ ilé ọtí ní Kalifọ́níà, tó ní kí wọ́n fún òun ní éèlì pupa, lè gba ohun mẹ́ta tí wọn kò bára tan. Ti àwọn ará Áyálándì rọ̀ lẹ́nu, ó dùn díẹ̀, kì í sì í korò. Ti Flanders ní Bẹ́ljíọ̀mù, irú èyí tí ilé Rodenbach ní ìlú Roeselare ń pọn, máa ń kan, nítorí inú àgbá igi ńlá ni wọ́n ń pa á mọ́ sí fún ọ̀pọ̀ oṣù. Ẹ̀kẹta ni ọmọ Amẹ́ríkà gan-an: àwọ̀ rẹ̀ kò yàtọ̀ sí tàwọn yòókù, ṣùgbọ́n ó le, ó korò, òórùn họ́ọ̀pù, òdòdó tí wọ́n fi ń mú bíà korò, sì ti ń kí èèyàn kó tó gbé ife dé ẹnu. Èyí ni ọ̀rọ̀ wa dá lé.

Orúkọ rẹ̀ kò tíì dúró sójú kan. Àwọn kan ń pè é ní Imperial Red, àwọn mìíràn ní Red IPA tàbí Imperial Amber. Brewers Association, ẹgbẹ́ àwọn apọntí Amẹ́ríkà tó ń ṣètò ìdíje Great American Beer Festival, pín in sí ìsọ̀rí méjì. Ọ̀kan ni èyí tí agbára rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ láti nǹkan bí ìdá 6 nínú ọgọ́rùn-ún, tí kò sì tó 8. Èkejì bẹ̀rẹ̀ láti 8, ó lè kọjá 10. Bíà inú ìgò tí ọ̀pọ̀ wa mọ̀ ní Nàìjíríà sábà máa ń wà ní nǹkan bí ìdá 5, nítorí náà ẹni tó bá fẹ́ fi ìwà bíà mu ọtí yìí yóò tètè mọ̀ pé nǹkan ti yàtọ̀.

Inú ọkà ni pupa rẹ̀ ti wá. Apọntí á rẹ ọkà báálì sómi títí yóò fi hù, gẹ́gẹ́ bí àwọn ìyá wa ti ń ṣe sí àgbàdo fún ṣẹ̀kẹ̀tẹ́, yóò wá fi ooru gbẹ ẹ́. Òun ni mọ́ọ̀tì. Ṣùgbọ́n irú mọ́ọ̀tì kan wà tí wọ́n ń pè ní crystal, tí wọn kì í jẹ́ kó gbẹ lẹ́yìn tó bá hù. Tútù bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ń gbé e sórí ooru pẹ̀lẹ́, títí sítáàṣì inú rẹ̀ yóò fi di ṣúgà láìkúrò nínú èèpo. Ìgbà náà ni wọ́n á tó koná mọ́ ọn, kí ṣúgà ọ̀hún lè jó. Bí jíjó náà bá ṣe pọ̀ tó ni àwọ̀ yóò ṣe máa kúrò ní wúrà bọ́ sí pupa, tí adùn yóò sì máa kúrò ní ti oyin lọ sí ti tọ́fì, lẹ́yìn rẹ̀ sí ti èso àjàrà gbígbẹ. Ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ni iṣẹ́ ọwọ́ yìí ti dàgbà ní ọ̀rúndún kọkàndínlógún. Níbẹ̀ náà ni Daniel Wheeler ti gba àṣẹ ìjọba ní ọdún 1817 lórí ẹ̀rọ tó ń yí bìrí, tí a fi ń yan mọ́ọ̀tì dúdú láìjẹ́ kó di èédú. Títí dòní, ẹ̀kúnwọ́ bíńtín lára ọkà dúdú bẹ́ẹ̀ ni ọ̀pọ̀ apọntí ń jù sí i kí pupa lè jinlẹ̀.

Ẹni tó kọ́ àwọn apọntí láti fi nọ́ńbà wọn àwọ̀ ni Joseph Williams Lovibond, apọntí tí ìdílé rẹ̀ náà ń pọntí. Wọ́n ní fèrèsé aláwọ̀ mèremère inú kàtídírà Salisbury ló fún un ní ọgbọ́n pé a lè fi gíláàsì aláwọ̀ díwọ̀n àwọ̀ bíà. Ní 1885 ló dá ilé iṣẹ́ sílẹ̀ láti máa ta ẹ̀rọ tó pè ní Tintometer. Àwọn oníṣòwò mọ́ọ̀tì kò tíì fi orúkọ rẹ̀ sílẹ̀: nígbà tí apọntí bá ní crystal 40 tàbí 60 lòun fẹ́ rà, òṣùwọ̀n Lovibond ló ń sọ.

Ti họ́ọ̀pù gùn ju ti ọkà lọ. Ohun ọ̀gbìn tó ń lọ́ mọ́ òpó ni, tó fẹ́ ilẹ̀ tí òtútù ń mú gidi, tí ọ̀sán sì ń gùn nígbà ẹ̀ẹ̀rùn. Òdòdó rẹ̀ ni wọ́n ń lò. Hildegard ti Bingen, obìnrin ẹlẹ́sìn kan ní Jámánì ní ọ̀rúndún kejìlá, ti kọ ọ́ sílẹ̀ pé ìkorò rẹ̀ kì í jẹ́ kí ohun mímu tètè bàjẹ́. Ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì pẹ́ kó tó gbà á. Éèlì tí wọ́n ń pọn níbẹ̀ láyé àtijọ́ kò ní họ́ọ̀pù nínú rárá. Láti Flanders ni bíà oníhọ́ọ̀pù ti wọ̀ wá ní ọ̀rúndún kẹẹ̀ẹ́dógún, àwọn tó ń pọn éèlì kò sì fẹ́ràn àwọn tó ń pọn bíà. Ó máa ń pa mí lẹ́rìn-ín pé èyí tí wọ́n ń rọ́ họ́ọ̀pù sí jù lọ lóde òní ló tún ń jẹ́ éèlì.

Ìyẹ̀fun yẹ́lò kan wà nínú òdòdó yìí, òun ló ní iṣẹ́ gbogbo. Bí wọ́n bá sè é fún bíi wákàtí kan, ásíìdì inú rẹ̀ á yí padà di ìkorò. Bí wọ́n bá dúró dìgbà tí iná kú, tàbí tí ọtí ti tutù tó sì ti ń ho, kí wọ́n tó dà á sí i, ìkorò kò ní fi bẹ́ẹ̀ jáde, epo olóòórùn rẹ̀ ni yóò kù. IBU ni wọ́n fi ń wọn ìkorò: mílígíráàmù ìkorò kan nínú lítà ọtí kan ni IBU kan. Éèlì pupa líle sábà máa ń wà láàárín 45 sí 85. Nígbà tí ìjọba Nàìjíríà fòfin de mọ́ọ̀tì báálì ilẹ̀ òkèèrè ní 1988, tí àwọn ilé iṣẹ́ bíà wa yíjú sí ọkà bàbà àti àgbàdo, àwọn onímọ̀ sáyẹ́ǹsì ilé wa dán ewúro àti orógbó wò dípò họ́ọ̀pù. Kò sẹ́ni tó máa sọ pé ewúro kò korò tó. Òórùn ni tirẹ̀ kò ní.

Pupa tí ọ̀pọ̀ ará Amẹ́ríkà kọ́kọ́ mọ̀ kò ní òórùn náà pẹ̀lú. Ilé ìpọntí ìdílé Lett ní Enniscorthy, ní Áyálándì, ti kógbá wọlé láti 1956. George Killian Lett ta ẹ̀tọ́ orúkọ rẹ̀ fún àwọn ará Faransé, lẹ́yìn náà ó tà á fún Coors ní Amẹ́ríkà, tó gbé Killian's Irish Red jáde ní 1981. Lágà ni wọ́n sọ ọ́ dà níbẹ̀, kì í ṣe éèlì mọ́. Ó dùn ún mu, kò sì dá ìjà sílẹ̀.

Ìyípadà gidi ti ń bọ̀ láti ibòmíràn. Òfin tó de ọtí ní Amẹ́ríkà láti 1920 sí 1933 ti pa àwọn apọntí kéékèèké run. Ní ìparí àwọn ọdún 1970, ilé iṣẹ́ tó ń pọn bíà ní gbogbo orílẹ̀-èdè ńlá yẹn kò tó 100. Fritz Maytag, ọmọ ìdílé tó ń ṣe ẹ̀rọ ìfọṣọ, ti ra ilé ìpọntí Anchor ní San Francisco ní 1965 nígbà tó kù díẹ̀ kó wó. Ní 1975, ó pọn Liberty Ale láti ṣàjọ̀dún igba ọdún tí Paul Revere gẹṣin lóru kìlọ̀ fáwọn èèyàn rẹ̀ pé ọmọ ogun Gẹ̀ẹ́sì ń bọ̀. Họ́ọ̀pù tó fi pọn ọ́n ni Cascade. Àwọn olùwádìí ìjọba ní Corvallis, ìpínlẹ̀ Oregon, ló bí i: 1956 ni wọ́n ṣe àkópọ̀ irúgbìn rẹ̀, ó di 1972 kí wọ́n tó gbé e fún àwọn àgbẹ̀. Kò rùn bíi họ́ọ̀pù Jámánì. Òórùn èèpo ọsàn gírépù ló ń gbé jáde, pẹ̀lú òdòdó díẹ̀. Chinook tẹ̀ lé e ní 1985 pẹ̀lú òórùn igi páìnì, Centennial sì dé ní 1990.

Ní oṣù October 1978, Ààrẹ Jimmy Carter fọwọ́ sí òfin tó jẹ́ kí aráàlú lè máa pọn bíà nílé ara wọn. Ken Grossman, tó ń ta ohun èlò ìpọntí ní ìlú Chico, dá ilé ìpọntí Sierra Nevada sílẹ̀ pẹ̀lú Paul Camusi. 1980 ni wọ́n pọn ọtí àkọ́kọ́ wọn. Ọdún kejì ni Celebration Ale jáde, ọtí ìparí ọdún tí wọ́n ń fi họ́ọ̀pù tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ kórè lọ́dún náà pọn. IPA, ìyẹn éèlì tó kún fún họ́ọ̀pù, ni wọ́n ń kà á sí. Ṣùgbọ́n ẹ gbé e sókè sí iná, ẹ ó rí i pé pupa ni, crystal ló fún un ní ara, agbára rẹ̀ sì jẹ́ ìdá 6.8. Lójú tèmi, ibẹ̀ gan-an ni ìtàn éèlì pupa líle ti bẹ̀rẹ̀, bó tilẹ̀ jẹ́ pé kò sẹ́ni tó fi orúkọ yẹn pè é. Ní 1983, Mendocino Brewing náà ṣílẹ̀kùn ní Hopland, ìlú tó gba orúkọ lára họ́ọ̀pù, wọ́n sì sọ ọtí wọn ní Red Tail Ale, orúkọ àwòdì onírù pupa.

Ní àwọn ọdún 1990, ìdíje wọ̀ ọ́. Vinnie Cilurzo pọn IPA onílọ́po méjì ní Blind Pig, ní Temecula, ní 1994, àwọn yòókù sì fẹ́ mọ ibi tí ahọ́n èèyàn lè bá wọn dé. Bear Republic ní Healdsburg gbé Red Rocket jáde: ọtí tó fara jọ éèlì Scotland tí wọ́n wá fi họ́ọ̀pù Amẹ́ríkà bá jà. Lagunitas pọn Lucky 13 fún ọdún kẹtàlá rẹ̀ ní 2006. Ọdún kan náà ni Omar Ansari bẹ̀rẹ̀ Surly ní Minnesota pẹ̀lú Furious, tí IBU rẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ tó 100. Ní Pennsylvania, àwọn ọmọ ìyá Trogner ní ilé Tröegs ń pọn Nugget Nectar, ìdá 7.5, tó máa ń jáde nígbà òtútù ìbẹ̀rẹ̀ ọdún, tí àwọn èèyàn sì ń tò sí ìlà nítorí rẹ̀. Èyí tí ìtàn rẹ̀ wọ̀ mí lára jù ni ti Oskar Blues ní Colorado. Wọ́n fi ọtí kan sọrí Gordon Knight, apọntí kan tó jẹ́ awakọ̀ hẹlikópítà, tó kú ní 2002 níbi tó ti ń bá iná igbó jà. Gordon ni ọtí náà ń jẹ́ tẹ́lẹ̀. Ọ̀rọ̀ ẹ̀tọ́ orúkọ ló sọ ọ́ di G'Knight. Ìdá 8.7 ni, inú agolo ni wọ́n sì rọ ọ́ sí.

Agolo yẹn mú wa dé ọ̀rọ̀ títọ́ wò, torí ọ̀tá méjì ni ọtí yìí ní kó tó dé ọwọ́ ẹni. Ìmọ́lẹ̀ oòrùn máa ń ba ìkorò họ́ọ̀pù jẹ́, á sọ ọ́ di òórùn ẹranko. Ìgò aláwọ̀ ewé tàbí aláìláwọ̀ kò lè dáàbò bò ó. Ọjọ́ ni èkejì. Ẹ kọ́kọ́ wo ọjọ́ tí wọ́n kọ sídìí agolo. Bí oṣù mẹ́ta bá ti kọjá, pàápàá bí kò bá sí nínú fíríìjì, òórùn họ́ọ̀pù yóò ti ṣá. Afẹ́fẹ́ díẹ̀ tó kù nínú agolo á ti máa mú kí mọ́ọ̀tì crystal rùn bíi páálí tó rin. Àwọn kan á ní kí ẹ tọ́jú rẹ̀ ní ọdún kan nítorí pé ó le. Ẹ má dá wọn lóhùn. Ìyẹn dára fún ọtí tí mọ́ọ̀tì nìkan gbé ró.

Kí ẹ tó mu ún, ẹ gbé e kúrò nínú fíríìjì fún bíi ogún ìṣẹ́jú. Bó bá tutù bí omi dídì, ìkorò nìkan ni yóò dá wà. Ìwọ̀n òtútù 10 sí 13 ní òṣùwọ̀n Celsius ló tọ́. Ife tí ikùn rẹ̀ tóbi tí ẹnu rẹ̀ sì há díẹ̀ ló ń kó òórùn jọ. Ẹ bù ú dé ìdajì péré, kí ìfófó lè rí ààyè, kí ẹ sì fimú gbọ́ ọ kí ẹ tó kàn án lẹ́nu, torí òórùn ni nǹkan àkọ́kọ́ tó ń sá lọ. Ọsàn àti páìnì ló yẹ kó kọ́kọ́ jáde, kí òórùn búrẹ́dì tí wọ́n yan àti tọ́fì sì wà lábẹ́ wọn. Bí ẹ bá mu ún, adùn ni yóò kọ́kọ́ kan iwájú ahọ́n, ìkorò á dé lẹ́yìn rẹ̀, ooru ọtí á wá rọra sọ̀kalẹ̀ lọ́nà ọ̀fun. Ibi tí mo ti ń dá apọntí lẹ́jọ́ ni lẹ́yìn ìgbà tí mo bá gbé e mì. Ẹnu gbọ́dọ̀ gbẹ. Bí adùn bá ṣì ń lẹ̀ mọ́ eyín bí omi ṣúgà, crystal ti pọ̀ jù, iye họ́ọ̀pù tó wù kí wọ́n dà sí i kò lè tún un ṣe mọ́.

Ẹni tó bá fẹ́ orúkọ fún ohun tó ń gbọ́ lẹ́nu lè lo àtẹ alóbìrípo tí Morten Meilgaard àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ṣe ní àwọn ọdún 1970, tó kó adùn, ìkorò àti àbùkù bíà jọ sójú kan. Michael Jackson, akọ̀ròyìn ará Yorkshire (kì í ṣe olórin), ti kọ́ àwọn èèyàn láti 1977, pẹ̀lú ìwé rẹ̀ lórí bíà gbogbo àgbáyé, pé a lè sọ̀rọ̀ bíà pẹ̀lú ọ̀wọ̀ tí wọ́n fi ń sọ̀rọ̀ wáìnì. Ní ti oúnjẹ, ẹran tí wọ́n sun lórí èédú ló bá a mu jù, torí ibi tó jó lára ẹran àti ṣúgà jíjóná inú mọ́ọ̀tì ń pàdé. Sùyà náà dára, ṣùgbọ́n kí ata rẹ̀ mọ níwọ̀n: ọtí líle àti ìkorò máa ń dá kún oró ata.

Láti bí ọdún 2015 ni ojú ọjà ti kúrò lára rẹ̀. Heady Topper, tí ilé The Alchemist ní Vermont bẹ̀rẹ̀ sí í rọ sínú agolo ní 2011, ló ṣáájú àwọn IPA aláwọ̀ rírú bí omi ọsàn, tí kì í korò púpọ̀. Àwọn tó ṣì fẹ́ràn ìkorò pàápàá ti ń yọ crystal kúrò nínú tiwọn, wọ́n ní ó ń bo họ́ọ̀pù mọ́lẹ̀. Ọ̀rọ̀ wọn ní òótọ́ nínú bó bá jẹ́ crystal àpọ̀jù. Ṣùgbọ́n IPA tí kò ní nǹkan kan lábẹ́ ìkorò rẹ̀ máa ń sú ẹnu lẹ́yìn ife kan. Mọ́ọ̀tì pupa ló ń jẹ́ kí ìkorò tó pọ̀ tó bẹ́ẹ̀ ṣeé gbé mì. Celebration ṣì ń jáde ní ìparí ọdún kọ̀ọ̀kan, Nugget Nectar sì ń tẹ̀ lé e nígbà tí ọdún bá yí. Ẹni tó bá rìnrìn àjò lọ sí Amẹ́ríkà láàárín November sí March lè ra méjèèjì, kó sì tọ́ wọn wò lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn.