Màlúù Ààyè Ni ‘Beef’ Tẹ́lẹ̀

Mo tún gbọ́ ọ lórí rédíò lọ́sẹ̀ tó kọjá. Atọ́kùn ètò kan tó ń kọ́ àwọn ọmọ ilé-ìwé ní Gẹ̀ẹ́sì ń ṣàlàyé ohun tó mú kí ‘cow’ yàtọ̀ sí ‘beef’, kí ‘sheep’ yàtọ̀ sí ‘mutton’, kí ‘pig’ sì yàtọ̀ sí ‘pork’. Ó ní nígbà tí William ti Normandy gba ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì lọ́dún 1066, àwọn ọmọ onílẹ̀ di ẹni tó ń da ẹran, àwọn àlejò tó ń sọ Faransé jókòó ti tábìlì, wọ́n ń jẹ ẹ́. Orúkọ tí darandaran ń pè é ló wá mọ́ ọn lára ní pápá, èyí tí ọlọ́lá ń pè é ló mọ́ ọn lára nínú àwo. Ẹni tí wọ́n jọ wà lórí ètò pariwo pé òun ò mọ̀ bẹ́ẹ̀ rí. Inú bí mi. Láti ilé-ìwé girama ni wọ́n ti ń kọ́ wa ní nǹkan yìí, n kò sì tíì gbọ́ kí akẹ́kọ̀ọ́ kan ní kí tíṣà mú ẹ̀rí wá.

Mo mọ ìdí tó fi ń dùn létí wa. Gẹ̀ẹ́sì jọba lé wa lórí. Ara tù wá láti gbọ́ pé àwọn kan ti jọba lé Gẹ̀ẹ́sì náà lórí rí, pé àpá rẹ̀ ṣì wà lẹ́nu wọn. Pé àwọn Norman fìyà jẹ ọmọ onílẹ̀, òótọ́ ni. Wọ́n gba ilẹ̀ wọn, ìwé Domesday ti ọdún 1086 sì ka ilẹ̀ náà láti abúlé dé abúlé. Àmọ́ ìyà tó ṣẹlẹ̀ lóòótọ́ kò sọ àlàyé tí wọ́n so mọ́ ọn lẹ́yìn di òótọ́.

Ta ló so ó mọ́ ọn? John Wallis, onímọ̀ ìṣirò ní Oxford, ti sọ irú rẹ̀ nínú ìwé gírámà tó fi èdè Látìn kọ lọ́dún 1653. Ó ṣàkíyèsí pé orúkọ ẹran ààyè jẹ́ ti Saxon, ìyẹn ti àwọn ọmọ onílẹ̀, pé orúkọ ẹran jíjẹ jẹ́ ti Faransé, ó sì dá a lábàá pé ilé ìdáná ló jẹ àwọn Norman lógún ju ilé ẹlẹ́dẹ̀ lọ. Àbá lásán ni. Ní ìparí ọdún 1819 ni Walter Scott wá gbé e sínú ìtàn àròsọ rẹ̀, Ivanhoe. Ní orí kìíní ìwé náà, Wamba apanilẹ́rìn-ín ló ń là á yé Gurth tó ń da ẹlẹ́dẹ̀ nínú igbó. Láti ibẹ̀ ló ti bọ́ sínú ìwé ìtàn èdè, tí olùkọ́ ń gbà á lẹ́nu olùkọ́. Ọ̀rọ̀ tí òǹkọ̀wé àròsọ fi sẹ́nu apanilẹ́rìn-ín, nígbà tí William ti kú láti ọgọ́rùn-ún ọdún méje sẹ́yìn, ni wọ́n ń pè ní ìtàn. Ó yẹ kí ojú ti àwọn tó kọ́kọ́ dà á kọ.

N kò ní pẹ́ lórí àwọn ohun tí kò tiẹ̀ le. Ọlọ́lá jẹ adìẹ, ó jẹ pẹ́pẹ́yẹ, ó jẹ ẹja; orúkọ Gẹ̀ẹ́sì tí wọ́n ń jẹ́ láàyè náà ni wọ́n ń jẹ́ nínú àwo. ‘Lamb’, ẹran ọ̀dọ́ àgùntàn tí ọlọ́lá fẹ́ràn, ọ̀rọ̀ Saxon ni. ‘Bacon’ tí tálákà fi ń gbé ẹ̀mí ró, láti ẹnu Faransé ló ti wá. Àwọn Faransé fúnra wọn kò pín in: ‘bœuf’ tó ń jẹko náà ló wà nínú ọbẹ̀, bí ‘ẹran’ tiwa.

Ibi tí mo fẹ́ kí a jókòó sí ni Bíbélì Ọba James, èyí tí wọ́n tẹ̀ jáde lọ́dún 1611. Ọ̀pọ̀ ilé ní ilẹ̀ Yorùbá ló ní in lẹ́gbẹ̀ẹ́ Bíbélì Mímọ́, kí ẹ̀yin náà ṣí i sí ìwé Númérì, orí 31. Àwọn ọmọ Ísírẹ́lì ṣẹ́gun Mídíánì, wọ́n kó ìkógun wálé, wọ́n sì ń kà á. Àgùntàn jẹ́ 675,000. Kẹ́tẹ́kẹ́tẹ́ jẹ́ 61,000. Láàárín méjèèjì ni màlúù wà, 72,000, ‘beeves’ sì ni àwọn ọ̀mọ̀wé Ọba James pè wọ́n, ìyẹn ‘beef’ tó pọ̀ ju ẹyọ kan lọ.

Ẹ fara balẹ̀ wo ohun tí wọ́n fi àwọn ‘beeves’ náà ṣe. Wọ́n pín wọn sí méjì, 36,000 fún àwọn tó lọ sójú ogun, 36,000 fún ìjọ ènìyàn. Nínú ti àwọn jagunjagun, ẹyọ kan nínú 500 jẹ́ ti Olúwa, èyí sì jẹ́ 72. Wọ́n kà wọ́n lórí, wọ́n dà wọ́n lọ fún àlùfáà. Kò sí iná níbẹ̀, kò sí ìkòkò, kò sí ọ̀bẹ alápatà. Ẹran tó ń fi ẹsẹ̀ ara rẹ̀ rìn ni. ‘Sheep’ tí a ní ó jẹ́ ti darandaran Saxon àti ‘beeves’ tí a ní ó jẹ́ ti tábìlì ọlọ́lá jọ ń jẹ̀ nínú agbo kan náà.

Bẹ́ẹ̀ náà ni Léfítíkù orí 22, níbi tí òfin ti sọ pé akọ tí kò lábùkù ni kí wọ́n mú wá fún ẹbọ sísun, nínú ‘beeves’, nínú àgùntàn tàbí nínú ewúrẹ́. Kò gbọdọ̀ fọ́jú, kò gbọdọ̀ ṣẹ́ léegun. Ẹran tó wà nínú ọbẹ̀ kọ́ ni wọ́n ń yẹ ojú rẹ̀ wò.

Ẹ wá ṣí i sí ibi tí wọ́n ti ń jẹun gan-an. Ní Jẹ́nẹ́sísì orí 18, Abúráhámù gbé bọ́tà, wàrà àti ẹran ẹgbọrọ màlúù síwájú àwọn àlejò rẹ̀. Ó ti sè é, ó ti wà nílẹ̀ fún jíjẹ, síbẹ̀ ‘calf’ ni wọ́n kọ, wọn kò kọ ‘veal’. Nínú ìwé Aísáyà, àwọn ọlọ̀tẹ̀ ń jẹ ẹran ẹlẹ́dẹ̀, ‘swine's flesh’ ni wọ́n kọ síbẹ̀, wọn kò kọ ‘pork’. Ọmọ Nàìjíríà tó bá sọ pé ‘cow meat’ lónìí, tíṣà á ní kò gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì. Bí àwọn ọ̀mọ̀wé tó gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì jù nígbà ayé Ọba James ti ń to ọ̀rọ̀ wọn nìyẹn. Ẹran ìgbẹ́ tí Ísáákì ní kí Ísọ̀ lọ pa wá fún òun, ‘venison’ ni wọ́n pè é, torí ẹran ọdẹ èyíkéyìí ni ọ̀rọ̀ náà ń jẹ́ kó tó di ti àgbọ̀nrín nìkan.

Ìwé Bíbélì nìkan kọ́. Shylock, nínú eré Shakespeare tó jáde ní títẹ̀ lọ́dún 1600, fi ẹran ara ènìyàn wé ẹran ara ‘muttons’ àti ‘beefs’. Àwọn ẹranko tó ní ẹran lára ló ń sọ. Ní ọdún 1755 ni Samuel Johnson gbé ìwé atúmọ̀ èdè rẹ̀ jáde, ìgbà yẹn ni a wá rí ìpín náà níbi tó ti ń ṣẹlẹ̀. Ó fún ‘beef’ ní ìtumọ̀ méjì. Ẹran jíjẹ ni èkíní, akọ tàbí abo màlúù tó yẹ ní pípa ni èkejì. Ó fi kún un pé ‘beeves’ la máa ń rí nínú èyí, ẹyọ kan ṣoṣo ṣọ̀wọ́n. Ti ‘mutton’ ti rìn jìnnà díẹ̀ sí i: ó ní àwàdà nìkan ni wọ́n ṣì fi ń pe àgùntàn bẹ́ẹ̀. Ó kù díẹ̀ kó pé 700 ọdún lẹ́yìn William, ‘beef’ kò tíì kúrò ní pápá tán. Ní Amẹ́ríkà, àwọn tó ń da màlúù lọ sọ́jà ní ọgọ́rùn-ún ọdún kọkàndínlógún ṣì ń pe agbo wọn ní ‘beeves’.

Nígbà tí ‘beef’, ‘mutton’ àti ‘pork’ tiẹ̀ kọ́kọ́ hàn nínú ìwé Gẹ̀ẹ́sì, nǹkan bí ọdún 1300 ni. Ó ti lé ní 200 ọdún lẹ́yìn tí William dé, Ọba John ti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì sì ti pàdánù Normandy láti ọdún 1204.

Robert Burchfield, olóòtú àfikún ìwé atúmọ̀ èdè ńlá Oxford, ti bá ìtàn yìí wí lọ́dún 1985. Ó ní ọgọ́rùn-ún ọdún kejìdínlógún, nígbà tí oúnjẹ Faransé gbòde, ni ká wò. Ó tọ̀nà débì kan. Lọ́dún 1747, Hannah Glasse ń fi ìbínú kọ̀wé nípa àwọn olówó tó ń lé alásè Gẹ̀ẹ́sì sílẹ̀ torí alásè Faransé. Àmọ́ Burchfield sọ ọ́ ní ṣókí, ó sì kọjá lọ, kò sì sọ ìdí tí ‘beef’ fi bọ́ sínú ìkòkò tí ‘lamb’ fi dúró síbi tó wà.

Mo ní ohun kan lọ́kàn. Ìwé ìsè oúnjẹ kan wà, Forme of Cury, tí àwọn àgbà alásè Ọba Richard Kejì kó jọ ní nǹkan bí ọdún 1390. Nínú rẹ̀, ẹlẹ́dẹ̀ tí wọ́n gé sí mẹ́rin, tí wọ́n sè, tí wọ́n da ọbẹ̀ ewé sage lé lórí, ‘pygg’ ló ń jẹ́, lórí tábìlì ọba fúnra rẹ̀. Nígbà tí wọ́n bá gún un kúnná bí èròjà ọbẹ̀, ‘pork’ ni wọ́n kọ. Ó lè jẹ́ pé ohun tó ya orúkọ méjèèjì ni bóyá ènìyàn ṣì lè dá ẹran náà mọ̀ lójú, tàbí ó ti di ohun tí alápatà ń wọ̀n lórí ìwọ̀n. Ẹlẹ́dẹ̀ kékeré ni ‘pygg’ nígbà náà, bóyá ọjọ́ orí rẹ̀ ló sì fa ìyàtọ̀. Adìẹ tí wọ́n gún pọ̀ mọ́ ‘pork’ yẹn ṣì ń jẹ́ adìẹ, ìyẹn kò sì jẹ́ kí àbá mi délẹ̀. Àwọn àkọsílẹ̀ owó-orí ọjà àti ìwé ìnáwó ilé àwọn ọlọ́lá ni mo rò pé ó yẹ ká lọ tú báyìí, pàápàá èyí tí akọ̀wé fi Faransé kọ fún alápatà tó ń sọ Gẹ̀ẹ́sì.