Títo Àwọn Fíìmù Túndé Kèlání ní Ipò

Túndé Kèlání, tí a bí ní 1948, wà lára àwọn olùdarí fíìmù Yorùbá tí òkìkí wọn kàn jù lọ. Àríyànjiyàn kì í tán lórí èyí tó dára jù nínú iṣẹ́ rẹ̀, nítorí òṣùwọ̀n àwọn òǹwòran kò dọ́gba.

Bí ó bá jẹ́ ìṣèlú ni òṣùwọ̀n, Ṣaworoidẹ (1999), tí Akínwùmí Ìṣọ̀lá kọ, ni yóò ṣíwájú. Lápité gorí ìtẹ́ Jogbo láìṣe orò tó so ọba, adé àti ìlù pọ̀. Lágata, ọ̀gágun, fi ìbọn gba adé, ìró ìlù sì pa á. Ọdún tí ológun gbé ìjọba Nàìjíríà sílẹ̀ fún alágbádá gan-an ni fíìmù náà jáde. Àlọ́ rẹ̀ kò ṣòro í túmọ̀.

Bí ó bá jẹ́ ìfẹ́, Ó Le Kú (1997), tí a mú jáde láti inú ìwé ìtàn àròsọ Ìṣọ̀lá, ni ọ̀pọ̀ yóò mú. Fíìmù yìí ló sọ ìró àti bùbá péńpé di ohun tí àwọn obìnrin tún ń wọ̀, tí wọ́n ń pè ní oleku.

Bí ó bá jẹ́ ìṣẹ̀ṣe, Arugbá (2008), tó dá lórí ọdún Ọ̀ṣun, ni ó yẹ ní ipò kìíní.

Nítorí náà, kí ẹni tó ń to fíìmù kọ́kọ́ sọ òṣùwọ̀n rẹ̀. Ọ̀rọ̀ náà ju eré lọ: fíìmù tí a bá tì sẹ́yìn lè di ìgbàgbé, tòun ti èdè inú rẹ̀.